Yídì Tí Ìjọba Kò Mọ̀ Pé Òun Ṣe

Àwọn ọ̀dọ́ àdúgbò máa ń wá bá mi pé àwọn fẹ́ wọṣẹ́ sójà. Kì í tún ṣe sójà ẹlẹ́sẹ̀ ni wọ́n fẹ́ ṣe o, sójà tó ń wa bàálù ni. Mo máa ń wò wọ́n láti òkè délẹ̀. Ẹlòmíràn nínú wọn, bó bá gun igi máńgòrò, ìyá rẹ̀ ní í wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Síbẹ̀ mo máa ń dá wọn lóhùn, torí ẹni tó bá béèrè ọ̀nà kì í ṣìnà, mo sì ní ohun kan tí mo fẹ́ kí wọ́n mú lọ.

Mo kọ́kọ́ máa ń sọ fún wọn pé èmi kò wa bàálù rí, kí ẹnikẹ́ni má baà pè mí ní òpùrọ́ lẹ́yìn. Iṣẹ́ tèmi ni pé kí àwọn tó ń wà á ríbi balẹ̀ sí. Mo ti rí wọn nígbà tí wọ́n ń bọ̀ lókè, mo sì ti rí wọn nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀, tí ẹsẹ̀ wọn ṣì ń wá ibi tí ilẹ̀ wà. Ẹni tó bá rí èèyàn ní irú àkókò yẹn á mọ nǹkan kan nípa rẹ̀ tí ọ̀gá rẹ̀ pàápàá kò mọ̀.

Nígbà tí mo wọṣẹ́, ìjọba òyìnbó kò tíì pẹ́ púpọ̀ lórí wa. Bàbá mi ṣì lè nawọ́ sí ibi tí òun dúró sí lọ́jọ́ tí òyìnbó kọ́kọ́ wọ Ìlọrin. Sájẹ́ǹtì tó kọ́ wa níṣẹ́ jẹ́ Gàmbàrí kan tí ohùn rẹ̀ lè jí ẹni tó sùn sí abúlé kejì. Ohun àkọ́kọ́ tó kọ́ wa kì í ṣe ìbọn, bí a ó ṣe wé aṣọ gígùn kan mọ́ ojúgun ni. Bí o bá wé e dẹ̀, yóò tú sílẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń yan, yóò sì máa wọ́ tẹ̀lé ọ bí ìrù. Mo sá fún ìrù, mo wé tèmi le. Oòrùn mú wa níbi tí a dúró sí, ẹsẹ̀ mi kú, mo sì ṣubú gbalaja. Sájẹ́ǹtì wá dúró lé mi lórí, ó ní èmi ni sójà àkọ́kọ́ tí òun máa rí tí aṣọ pa. Orúkọ tí wọ́n fi ń pè mí nìyẹn fún ọjọ́ pípẹ́, Ẹni-tí-aṣọ-pa. Mo máa ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ pé kí wọ́n fara mọ́ irú orúkọ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń bínú sí i ni wọ́n á fi pè títí tó fi máa fẹ̀yìn tì.

Nígbà tó yá, wọ́n kó díẹ̀ nínú wa lọ sí pápá bàálù tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣán lẹ́yìn ìlú, lápá ibi tí àwọn ará oko ń gbà wá sí ọjà Ìpata. Bàálù kì í wá déédéé. Àwọn ọmọ òyìnbó tó ń kọ́ṣẹ́ ni wọ́n sábà máa ń rán wá, kí wọ́n lè mọ bí èèyàn ṣe ń dá rìn lókè láìsí ọ̀gá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Wọ́n á balẹ̀, a ó bu epo fún wọn, wọ́n á sinmi díẹ̀, wọ́n á sì padà sókè Ọya.

Iṣẹ́ wa kò pọ̀, ṣùgbọ́n kò gba àṣìṣe. Bí a bá gbúròó bàálù, a ó dáná, a ó da ewé tútù lé e kó lè rú èéfín, kí ẹni tó wà lókè lè mọ ibi tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ sí. Aṣọ funfun gígùn tí a tẹ́ sílẹ̀ túmọ̀ sí pé kó máa bọ̀. Aṣọ pupa méjì tí a gbé kọjá lórí ara wọn túmọ̀ sí pé kó má bọ̀. Etí pápá náà ńkọ́? Òkúta ni a tò sí i, a sì kùn wọ́n ní ẹfun kí wọ́n lè hàn láti òkè.

Ẹni tó bá mọ Ìlọrin ti lè máa fura báyìí. Kí ni yídì tí a ti ń kírun ọdún? Ilẹ̀ gbalasa tí a ṣán lẹ́yìn ìlú ni, tí a fi òkúta tàbí ẹfun sàmì sí kí àwọn èèyàn lè tò dáadáa. Àwọn tó yan pápá náà kò ro ti ìrun rárá, ti afẹ́fẹ́ ni wọ́n rò, ṣùgbọ́n ìlà òkúta wa kan dojú kọ gábàsì, ibi tí à ń kọjú sí kírun, gan-an, bí ẹni pé Áfáà ló wọ̀n ọ́n.

Ọdún Iléyá ọdún náà bọ́ sí ìgbà òjò. Yídì àtijọ́ tó wà ní abúlé bàbá mi, tí kò jìnnà sí pápá, ti di ẹrẹ̀, koríko sì ti bò ó. Bàbá mi sì ni lèmọ́mù wọn. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ọ̀gá wa òyìnbó ní ká gé koríko pápá kanlẹ̀, ká sì tún òkúta kùn, torí bàálù kan ń bọ̀. Àwọn àgbà abúlé ń kọjá, wọ́n rí i tí àwa sójà, Mùsùlùmí gbogbo wa, ń gé koríko tí a ń kun ẹfun nígbà tí ọdún ku fẹ́ẹ́fẹ́ẹ́. Wọ́n dúró kí wa pé ẹ kú iṣẹ́ Ọlọ́run, Ọlọ́run á san án fún yín. Àwa ń dáhùn pé àmín. A rò pé wọ́n kàn ń ṣàdúrà fún wa ni.

Lẹ́yìn náà ni mo wá gbọ́ pé bàbá mi ti fi mí yangàn káàkiri abúlé. Ó ní ọmọ òun tó wà lọ́dọ̀ òyìnbó ló bá wọn sọ̀rọ̀, ìjọba sì ti ṣe yídì tuntun fún wọn. Èmi tí mò ń sùn ní bárékè nílùú, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Láàárọ̀ ọjọ́ ọdún, wọ́n yọ̀ǹda àwọn yòókù kí wọ́n lọ kírun nílùú. Èmi ló kù sídìí iṣẹ́. Sájẹ́ǹtì ní bàálù kò ní dé títí oòrùn á fi kan àtàrí, nítorí náà mo gba ìsàlẹ̀ odò lọ láti gé ewé tútù. Mo dì í sórí, mò ń bọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, mò ń ronú ẹran ọdún tí n kò ní bá wọn jẹ. Bí mo ṣe yọ sí pápá, mo rí funfun. Gbogbo abúlé bàbá mi ló wà níbẹ̀, wọ́n tò ní sáàfù-sáàfù láti etí pápá kan dé èkejì, àwọn obìnrin àti ọmọdé lẹ́yìn, bàbá mi nìkan níwájú lẹ́bàá ìlà òkúta wa. Wọ́n ti kábàrà. Wọ́n ti wọ inú ìrun.

Ẹ̀rín ló kọ́kọ́ fẹ́ pa mí. Mo ní kò burú, wọ́n á ti ṣe tán kí bàálù tó dé. Ibi tí mo ti ń rò ó ni mo gbọ́ ìró rẹ̀.

Ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi. Mo mọ̀ pé bí mo pariwo, kò sẹ́ni tó máa dá mi lóhùn, nítorí ẹni tó wà níwájú Ọlọ́run kì í yíjú wẹ̀yìn. Bí mo sì wọ àárín wọn, wọ́n á rò pé iṣẹ́ sójà ti yí mi lórí. Mo ju ewé sílẹ̀, mo sáré lọ síbi ahéré tí a ń kó aṣọ àmì sí létí pápá, mo fa aṣọ pupa méjèèjì jáde, mo sì tẹ́ wọn kọjá lórí ara wọn.

Bàálù yọ lórí igi. Ó rẹlẹ̀ gan-an. Lójú ẹni tó ń wà á, funfun tó rí nílẹ̀ yẹn lè jẹ́ aṣọ àmì, ó lè jẹ́ òkúta, ta ló mọ̀. Ó ń bọ̀ tààrà sórí wọn. Àsìkò náà ni bàbá mi lọ sí ìforíkanlẹ̀, gbogbo abúlé sì tẹ̀ lé e. Mo rí ẹ̀yìn wọn lórí ilẹ̀ nínú aṣọ ọdún, mo sì rí àwọn ọmọdé lẹ́yìn tí wọ́n gbé orí sókè, tí ìyá wọn ń fọwọ́ tẹ orí wọn padà. Bàálù kọjá lókè wọn bí ìgbà tí ìjì bá ń ya òrùlé. Kò sẹ́ni tó dìde. Ó wá fà sókè, ó yí, ó sì mi apá rẹ̀ sí ibi tí mo wà. Ó ti rí aṣọ pupa.

N kò tíì dúpẹ́ tán tí ohun mìíràn fi bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe ń yípo lókè, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń húkọ́. A ti kọ́ wa ní ìró yẹn: epo ló ń tán lọ. Kò sí pápá mìíràn nítòsí, igbó àti àpáta ló yí wa ká. Mo wo òkè, mo wo bàbá mi. Òpó ìrun kejì ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wà. Bàbá mi kì í kánjú nídìí ìrun, ìyẹn ni àwọn èèyàn fi fẹ́ràn rẹ̀. Lọ́jọ́ náà, kí Ọlọ́run má bínú sí mi, mo fẹ́ kó kánjú.

Nígbà tó sálámà tí ìrun parí, mo ti bọ́ bàtà, mo ti dé iwájú rẹ̀, mo sì dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, ẹ dákun, ibi tí bàálù ń balẹ̀ sí nìyí. Ọmọ kan wà lókè yẹn, epo rẹ̀ ń tán, kò sì ríbi bọ́ sí.”

Ó gbójú sókè. Ojú kò tì í, kò bi mí pé yídì òun ńkọ́, kò sì fi àkókò ṣòfò. Ó dìde, ó kọjú sí àwọn èèyàn tó ń múra láti gbọ́ ìwáàsù.

“Ẹ gbọ́, ẹ̀yin èèyàn mi. Sùnná Ànábì ni pé kéèyàn gba ọ̀nà mìíràn padà lọ́jọ́ ọdún. A ó gba ọ̀nà ìdí igi igbá yẹn lọ báyìí. Ibẹ̀ ni a ti máa gbọ́ ìwáàsù. Ẹ ká ẹní, ẹ fa ọmọ lọ́wọ́.”

Ká ní èmi ni mo sọ fún wọn pé kí wọ́n sá, wọ́n ì bá tẹ ara wọn mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n sùnná ni lèmọ́mù pè é, gbogbo wọn sì dìde bí ẹni tó ń lọ sílé. Ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Mò ń wo ìyá arúgbó kan tó ń gbọn koríko kúrò lára ẹní rẹ̀, mo fẹ́ gbé òun àti ẹní. Nígbà tí ẹni ìkẹyìn kúrò lórí ilẹ̀, mo ká aṣọ pupa, mo na funfun, mo dáná, mo da ewé lé e, èéfín sì rú.

Ó balẹ̀. Ó fò lẹ́ẹ̀mejì bí àkèré, ó sáré lọ, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ sì kú fúnra rẹ̀ kó tó dé ibi ahéré. Ìdákẹ́jẹ́ tó tẹ̀ lé e, mi ò gbọ́ irú ẹ̀ rí. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín láìmọ ohun tí mò ń rín.

Ọmọ tó jáde níbẹ̀, irùngbọ̀n kò tíì hù dáadáa lágbọ̀n rẹ̀. Ó gbìyànjú láti dúró, ẹsẹ̀ rẹ̀ kọ̀, mo sì gbé e lọ síbi òjìji. Pẹ̀lú gẹ̀ẹ́sì sójà tí mo gbọ́, mo bi í pé kí ló rí tí kò fi balẹ̀ nígbà àkọ́kọ́. Ó ní òun rò pé aṣọ àmì ni, àfi ìgbà tí òun rí i tí ọ̀kan nínú wọn gbé orí. Ó ní ọ̀gá tó kọ́ òun máa ń sọ fún àwọn pé ohun tí kò bá yé èèyàn nílẹ̀, kó má bọ́ sí i, kó padà sókè lọ rò ó. Ohun tí mò ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ nìyẹn. Àwọn tó mọ bí wọ́n ṣe ń balẹ̀ pọ̀. Ẹni tó lè padà sókè nígbà tí epo ń tán, tí ẹ̀rù ń bà á, òun ni kí wọ́n fi bàálù lé lọ́wọ́.

Nígbà tí ìwáàsù parí, bàbá mi rìn wá. Wọ́n ti gbé omi fún ọmọ òyìnbó náà nínú igbá, ó ń mu ún bí ẹni tó gba ààwẹ̀. Bàbá mi wò ó títí, ó wá rọra bi mí:

“Aṣọ pupa tí o tẹ́ yẹn, o ní kó má bọ̀ ni?”

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

“Ká ní epo rẹ̀ tán nígbà tí a ṣì wà lórí ìforíkanlẹ̀ ńkọ́?”

Àwọn èèyàn mi wà nílẹ̀, ọmọ ọlọ́mọ wà lókè, èmi ni mo sì di aṣọ mú. Bàbá mi gbé ọwọ́ lé mi léjìká.

“Má dáhùn,” ó ní. “Alihamudulilai, Ọlọ́run kò bi ọ́ ní ìbéèrè yẹn lónìí.”

Mo jókòó sínú koríko níbi ẹsẹ̀ rẹ̀, mo sunkún níwájú gbogbo abúlé nínú aṣọ sójà mi, ojú kò sì tì mí.