Alhaji Fi Ọ̀dà Géètì Kun Jíìpù Mi

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ kí inú mi tó bẹ́.

Ọdún mẹ́ta ni mo fi wá irú jíìpù tí bàbá mi fi ń gbé wa lọ oko nígbà tá a wà lọ́mọdé. Oṣù tó kọjá ni mo rí ọ̀kan nílé Alhaji kan ládùúgbò Fate. Ó ti gbó, àmọ́ ọ̀dà tí ilé iṣẹ́ tó ṣe é fi kùn ún ṣì wà lára rẹ̀. Mo sanwó, mo bẹ Alhaji pé kí wọ́n má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án títí màá fi wá fà á lọ.

Mo débẹ̀ lónìí, n ò rí jíìpù. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kọjá níwájú ilé! Àṣé iwájú géètì ló wà. Alhaji ti fi ọ̀dà géètì tó ṣẹ́kù kùn ún. Géètì aláwọ̀ ewé, jíìpù aláwọ̀ ewé. Wọ́n kun táyà. Wọ́n kun gíláàsì iná!

Mo ní, "Alhaji, ẹ jọ̀ọ́, kí lèyí?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ṣé kí n wá fún ọ ní nǹkan tó ti ṣá ni? Wallahi, ọwọ́ ara mi ni mo fi kùn ún."

"Ọ̀dà àtijọ́ yẹn gan-an ni mo torí ẹ̀ rà á."

"Ta ló ń ra ọ̀dà àtijọ́? Má fi mí ṣe yẹ̀yẹ́."

Wọ́n wá dúró, wọ́n ń wojú mi, wọ́n ń retí ìdúpẹ́.

Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Mo ní, "Ẹ ṣé, Alhaji. Ọlọ́run á san yín lẹ́san."

Mo ti fà á délé, mo ń fi kẹrosíìnì nù ún.

Ẹ̀san wo ni mo ní lọ́kàn? Ẹ bá mi kọ ọ́ sísàlẹ̀.