Ẹfun Ògiri Bàbá Mi

Mo ti fẹ́ kó burẹ́wà. Mi ò ní fi ọ̀rọ̀ dídùn bo èyí mọ́lẹ̀. Lọ́jọ́ tí ìyàwó àbúrò mi ọkùnrin fi fọ́tò ránṣẹ́ sórí fóònù mi pé òun fẹ́ kun pálọ̀ ilé bàbá wa ní Ẹ̀pẹ́, ó ti fi ọ̀dà díẹ̀ pa ẹ̀gbẹ́ kan lára ògiri kí n lè rí àwọ̀ tó yàn. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì mi ní Ìgbògbò, mo ń dúró kí fọ́tò náà ṣí, mo sì ń bẹ Ọlọ́run pé kó rí bí ìgbẹ́ ọmọ jòjòló. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yẹ́lò tó gbóná ni, bí inú ìbẹ́pẹ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ó sì mú kí gbogbo fọ́tò náà mọ́lẹ̀. Mo kọ ọ́ ránṣẹ́ sí i pé ó dára. Mo da fóònù dé, mo bọ́ sí kíṣìnnì, mo ń fọ abọ́ tí mo ti fọ̀ tẹ́lẹ̀.

Ohun tó ń dùn mí kò ṣòro láti sọ. Akunlé ni bàbá mi. Èmi ni àkọ́bí rẹ̀, èmi nìkan nínú àwa ọmọ ló sì ń tẹ̀ lé e lọ síbi iṣẹ́ tí a bá ti gba ọlidé. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń po àwọ̀, bí wọ́n ṣe ń fi kẹrosíìnì fọ búrọ́ọ̀ṣì, àti bí èèyàn ṣe ń fi àtàǹpàkò ra ògiri láti mọ ohun tó wà lára rẹ̀ kó tó ṣí garawa ọ̀dà. Ó kun ilé fún gbogbo ayé ní Ẹ̀pẹ́. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan wà ládùúgbò wa tó kùn ní pupa, òun ni àwọn èèyàn fi ń júwe ọ̀nà fún àlejò. Ilé tiẹ̀ ńkọ́? Ẹfun. Lọ́dọọdún, kí ààwẹ̀ tó wọlé, á po ẹfun sínú garawa, á kán búlúù aṣọ díẹ̀ sí i, á fi pa ògiri pálọ̀. Ó ní omi ọ̀sà ń gba abẹ́ ilẹ̀ wọ ara ògiri wa, àti pé ẹfun nìkan ló ń jẹ́ kí ògiri náà mí. Ẹni tó bá fẹ̀yìn tì í, aṣọ rẹ̀ á funfun. Màámi ò yé ráhùn lórí rẹ̀. Èmi máa ń sọ fún bàbá mi pé tí mo bá dàgbà, èmi ni n ó kun pálọ̀ yẹn, àwọ̀ tó bá wù mí ni n ó sì lò. Á rẹ́rìn-ín, á ní kí n má ṣáà yan dúdú.

Mo dàgbà, mo lọ sílé ọkọ, bàbá mi kú, mi ò kun nǹkan kan.

Ilé tí a háyà ní Ìgbògbò, yàrá méjì àti pálọ̀ ni. Onílé wa kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé a ò gbọdọ̀ kan ìṣó, a ò sì gbọdọ̀ yí àwọ̀ ògiri padà. Àwọ̀ ọ̀hún ò tiẹ̀ ní orúkọ. Ó fẹ́ jẹ́ funfun, ó fẹ́ jọ wàrà, ó wá dà bí omi tí wọ́n fi ṣan ìkòkò ògì. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí mo ti wà nílé ọkọ, mi ò tíì yan àwọ̀ ògiri kan rí. Tí mo bá sọ ọ́, ọkọ mi á ní ṣebí ilé onílé ni. Mo mọ̀ pé ilé onílé ni. Fọ́tò yàrá oríṣiríṣi ló kún inú fóònù mi, yàrá àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí, aláwọ̀ ewé, aláwọ̀ osùn, mo máa ń wò wọ́n tí mo bá wà lórí ìlà níbi tí a ti ń pọn omi.

Ìyàwó àbúrò mi wá láti Ìkìrun. Nígbà tí bàbá mi kú, òun àti ọkọ rẹ̀ kó wá sílé ẹbí kí màámi má baà dá gbé. Ọmọ dáadáa ni, ìyẹn gan-an ló sì ń bí mi nínú. Tó bá ti rí mi lókèèrè, á ti kúnlẹ̀. "Ọkọ mi" ló ń pè mí, bí ìyàwó ilé ṣe ń pe ẹbí ọkọ rẹ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Kò ṣe mí ní nǹkan kan rí. Ó kàn jẹ́ pé ọwọ́ rẹ̀ kì í dúró ni. Á wo fídíò lórí fóònù, á pa á dé, á sì ṣe ohun tó rí. Ó fi okùn wé táyà mọ́tò àlòkù, ó sọ ọ́ di àpótí ìjókòó. Ó kun ilẹ̀kùn àbáwọlé ní búlúù. Ó lọ sọ́jà Ejìnrìn, ó ra ìgèrè méjì, apẹ̀rẹ̀ tí àwọn apẹja fi ń dẹ ẹja, ó fi gílóòbù sínú wọn, ó gbé wọn kọ́ sí àjà. Tí wọ́n bá tan iná, òjìji ìgèrè á tò sára ògiri ní ilà-ilà. Èmi tí mo ti ń rí ìgèrè láti kékeré, ẹja nìkan ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ọmọ Ìkìrun tí kò mọ̀wẹ̀ ló wá rí àtùpà nínú rẹ̀.

Màámi á pè mí, kò ní kí mi tán kó tó bẹ̀rẹ̀: ìyàwó ti ṣe èyí, ìyàwó ti ṣe tọ̀hún, ọwọ́ ọmọ yìí mà dára o. Mo gbìyànjú láti rántí ìgbà tó sọ bẹ́ẹ̀ sí ọwọ́ tèmi. Mi ò rí i rántí.

Ní nǹkan bí oṣù mẹ́ta sí Iléyá, ní ọjọ́ Sátidé kan, mo wọ mọ́tò ní ibùdókọ̀ Benson, mo gba Ìtòikín lọ sí Ẹ̀pẹ́. Mo sọ fún ọkọ mi pé mo fẹ́ lọ kí màámi. Irọ́ ni. Ògiri ni mo fẹ́ lọ wò.

Wọ́n ti kó gbogbo ẹrù pálọ̀ síta. Garawa ọ̀dà méjì wà nílẹ̀, pẹ̀lú rólà tuntun àti búrọ́ọ̀ṣì tuntun. Ìyàwó ti fi ọ̀rá bo irun rẹ̀, ó wọ ṣẹ́ẹ̀tì ọkọ rẹ̀ kan tó ti gbó. Àbúrò mi ti jáde. Màámi jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń bó ẹ̀gúsí. Ìyàwó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé omi fún mi, ó sì dúró tì mí títí mo fi mu ún tán.

"Ọkọ mi, ẹ̀yin lẹ bá bàbá ṣe iṣẹ́ yìí. Ẹ jọ̀ọ́, ǹjẹ́ nǹkan kan ṣì kù tó yẹ kí n ṣe kí n tó bẹ̀rẹ̀?"

Mo súnmọ́ ògiri, mo fi àtàǹpàkò rà á. Ẹfun bo ìka mi. Ẹnikẹ́ni tó bá bá bàbá mi ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo ti mọ̀ pé ọ̀dà kì í dì mọ́ ẹfun. Orí ẹfun ló máa jókòó sí, tí òjò bá sì dé tí ògiri mu omi, ẹfun á tú, ọ̀dà á bá a lọ. Èèyàn gbọ́dọ̀ fi omi fọ̀ ọ́, kó fi irin pẹlẹbẹ ha á títí yóò fi kan sìmẹ́ǹtì, kó sì jẹ́ kó gbẹ dénú. Gbólóhùn kan péré ni mo ní láti sọ. Mo wo ọ̀dà yẹ́lò yẹn, mo wo ọmọbìnrin yìí nínú pálọ̀ tí mo ti fọkàn kùn kó tó mọ̀ pé ìlú kan ń jẹ́ Ẹ̀pẹ́.

"Rárá," mo ní. "Ó ti dára bẹ́ẹ̀."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo nu ẹfun ọwọ́ mi sára ìró.

Nínú mọ́tò tí mo wọ̀ padà, mo wá àwáwí fún ara mi. Mo ní kí fídíò tó ń kọ́ ọ ní gbogbo nǹkan kọ́ ọ ní ìyẹn náà. Mo ní bóyá ọ̀dà òde òní ti lágbára ju ti ayé bàbá mi lọ. Mo ní ta ló kúkú gba àṣẹ lọ́wọ́ mi kó tó ra yẹ́lò? Nígbà tí mo fi máa dé Ìgbògbò, mo ti gba ara mi gbọ́ díẹ̀.

Ọjọ́ méjì ló fi kùn ún, òun nìkan. Nígbà tí mo tún débẹ̀ lẹ́yìn oṣù kan, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mi ò lè wọlé. Pálọ̀ tó máa ń ṣókùnkùn láti ọ̀sán ti mọ́lẹ̀ kárí. Àwọn ará àdúgbò ń yà wá wò ó. Màámi, tí kì í jókòó níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ nítorí aṣọ rẹ̀, ti gbé ẹní ìkírun rẹ̀ síbẹ̀. Ó fẹ̀yìn ti ògiri, ó dìde, ó yí ẹ̀yìn sí mi pé kí n wò ó dáadáa, ṣé nǹkan kan wà lára aṣọ òun? Inú rẹ̀ dùn bí ọmọdé. Mo jowú débi pé itọ́ ẹnu mi korò. Èmi ló yẹ kí n fún màámi ní ògiri yẹn. Nígbà tí wọ́n bọ́ sí kíṣìnnì, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́yìn kọ́bọ́ọ̀dù, mo fi èékánná ha ọ̀dà náà wò. Kò ṣí. Ó dùn mí pé kò ṣí.

Òjò wá dé, ó sì rọ̀ gan-an. Ọ̀sẹ̀ Iléyá, àbúrò mi pè mí pé kí n tètè máa bọ̀, pálọ̀ ti bàjẹ́, àwọn ẹbí bàbá wa sì ń bọ̀ láti Ìsàlẹ̀ Èkó. Mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Ọ̀dà ti wú lára ògiri, ó ti ya, òmíràn sì rọ̀ sílẹ̀ bí aṣọ tó ya, ẹ̀yìn rẹ̀ funfun. Kí ojú tó tì mí, inú mi kọ́kọ́ dùn. Kò ju ìṣẹ́jú kan lọ, ṣùgbọ́n ó dùn, mi ò sì lè sọ pé kò ṣẹlẹ̀.

Ìyàwó wà lórí ìkúnlẹ̀, ó ń fọwọ́ kó awẹ́ ọ̀dà sínú àpò sìmẹ́ǹtì. Kò sunkún. Ó sọ fún mi pé òun rò pé ayédèrú ọ̀dà ni wọ́n tà fún òun, òun sì ti lọ bá ọlọ́dà jà lọ́jà.

"Ó bi mí bóyá ẹfun wà lára ògiri náà tẹ́lẹ̀," ó ní. "Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní ṣé kò sí ẹni tó mọ iṣẹ́ ọ̀dà nílé wa ni. Mo ní kò sí."

Ó ń kó awẹ́ ọ̀dà lọ. Màámi wà lórí àga, ojú mi ló ń wò. Mo ní mo gbàgbé ni, pé ó ti pẹ́ tí mo ti ṣe iṣẹ́ náà gbẹ̀yìn.

"Ìwọ gbàgbé ẹfun," ni màámi wí, ó dìde, ó wọ yàrá rẹ̀ lọ.

Lọ́jọ́ Iléyá, wọ́n ta kọ́tìnnì bo ògiri náà. Ìyá àgbà kan láti Ìsàlẹ̀ Èkó gbé kọ́tìnnì sókè, ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé bí wọ́n ṣe ń ṣe é láyé ìsinsìnyí nìyí? Ìyàwó bá a rẹ́rìn-ín, ó sọ pé àìmọ̀kan òun ni, ó gbé ẹran fún un. Kò sẹ́ni tó fẹnu kàn mí. Ì bá sàn kí wọ́n pariwo mọ́ mi. Nígbà tí ó di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, mo lọ bá ìyàwó lẹ́yìnkùlé níbi tó ti ń din ẹran, mo sọ fún un pé mi ò gbàgbé, pé mo mọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ó yí ẹran inú epo padà.

"Mo mọ̀ pé ẹ mọ̀, Ọkọ mi," ó ní. Ó wá bi mí bóyá wọ́n ti fún mi ní ẹran tèmi.

Ní ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn Iléyá, mo pè é pé mò ń bọ̀ wá bá a ha ògiri. Ó ní ẹ ṣeun, àwọn ti ha á tán, òun àti màámi, wọ́n sì ti fọ̀ ọ́. Mo ṣì lọ. Mo wọ bùbá tó ti gbó jù lọ nínú àpótí mi, mo wé gèlè àtijọ́ mọ́rí, kí ó lè hàn pé iṣẹ́ ni mo bá wá. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé àga sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ fún mi, ó tẹ́ aṣọ lé e, ó gbé omi tútù àti ẹja díndín wá. Mo ní kó gbé búrọ́ọ̀ṣì kan fún mi.

"Ẹ jókòó, Ọkọ mi," ó ní. "Kí ọ̀dà má baà ta sí yín láṣọ."

Mo jókòó. Láti ibi tí mo wà, mo ń rí inú pálọ̀ láti ojú fèrèsé. Ìyàwó wà lórí àkàbà, màámi ló dì í mú. Yẹ́lò yẹn náà ló tún rà. Mo gbọ́ tó ń bi màámi bóyá ìsàlẹ̀ ògiri ti gbẹ tó, màámi ní òun ò mọ̀. Èmi mọ̀. Àwọ̀ sìmẹ́ǹtì náà ṣì ṣú nísàlẹ̀, ó ku bí ọjọ́ mẹ́ta. Mo gbóhùn sókè láti ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ní kò tíì gbẹ, kí wọ́n ní sùúrù di ọjọ́ mẹ́ta sí i.

"Ẹ ṣeun, Ọkọ mi," ó ní.

Ó sọ̀kalẹ̀ lórí àkàbà, ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá sínú àgbàlá, ó sì pe ọlọ́dà lórí fóònù, ó ń bi í bí èèyàn ṣe ń mọ̀ tí ògiri bá ti gbẹ.