Ojú Ewé Tí Ẹ̀gbọ́n Mi Fà Ya

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ ìwé nípa bàbá wa. Tíṣà ni mí ní Ìbà. Mo fi ìwé náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń gbé ìwé jáde, kò sẹ́ni tó dá mi lóhùn, ni mo bá pinnu pé èmi fúnra mi ni màá gbé e jáde.

Káfíńtà ni bàbá wa, ní Òkòkòmaikò. Ó mọ iṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ yá sí ìyá wa ju bó ṣe yá sí pákó lọ. Ó ń fi bẹ́líìtì nà wọ́n, ó ń fi bàtà nà wọ́n. Mo rí i nígbà kan tó di irun wọn mú, tó ń fi orí wọn gbá férémù ilẹ̀kùn títí ẹ̀jẹ̀ fi ń ṣàn lára ògiri. Nígbà tó kú, gbogbo èèyàn ní èèyàn dáadáa ni. Ọ̀rọ̀ yẹn ló mú kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé.

Ọkùnrin Ìgbò kan tó gbọ́ Yorùbá dáadáa ló máa tẹ ìwé náà fún mi, ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Ìyànà-Ìbà. Ó ní kí a kọ́kọ́ tẹ méjì péré, kí n kà á kí n wo àṣìṣe, kó tó tẹ ìyókù. Mo mú ọ̀kan, mo fi ìkejì ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń tún tẹlifíṣọ̀n ṣe ní Àlàbá. Mo rò pé inú rẹ̀ máa dùn.

Ní àárọ̀ Sátidé, èmi àti onítẹ̀wé ń wo àwọ̀ ẹ̀yìn ìwé nígbà tí ẹ̀gbọ́n mi wọlé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó ní, “Ta ló sáré lọ pe àwọn ará àdúgbò?”

Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jókòó ná.”

“Mo ní ta ló sáré jáde lọ́jọ́ yẹn?”

“Èmi ni. Bí mo ṣe kọ ọ́ nìyẹn.”

Ó gbá mi lẹ́nu. Eyín mi kan mì, ẹ̀jẹ̀ kún ẹnu mi, mo sì ṣubú lu àwọn bébà tí wọ́n tò sílẹ̀. Ó fa ojú ewé kan ya nínú ìwé náà, ó kúnlẹ̀ lé mi láyà, ó sì ń kì í bọ̀ mí lẹ́nu. “Jẹ ẹ́. Jẹ irọ́ tó o pa.” Onítẹ̀wé dì í mú láti ẹ̀yìn. Ẹ̀gbọ́n mi jù ú lu ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gé bébà, irin ẹ̀rọ náà sì la ìpéǹpéjú onítẹ̀wé.

Ẹnì kan ní ìta kígbe olè. Kí n tó dìde, ọkùnrin bíi mẹ́fà ti ya wọlé. Wọ́n wọ́ ẹ̀gbọ́n mi síta, wọ́n ń gbá a nípàá, wọ́n sì ń fi pákó lù ú. Ó ká jọ sílẹ̀, ó fi ọwọ́ bo èjìká rẹ̀. Mo dùbúlẹ̀ lé e lórí. Pákó kan bà mí lẹ́yìn kí ohùn mi tó jáde pé, “Ẹ̀gbọ́n mi ni. Kì í ṣe olè.”

Wọ́n fi wá sílẹ̀. A jókòó sí ẹ̀gbẹ́ gọ́tà, ẹ̀jẹ̀ ń kán lára àwa méjèèjì.

Ọjọ́ tí bàbá wa fi èèkù òòlù lu ìyá wa ni ẹ̀gbọ́n mi ń bi mí nípa rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ọdún méjìlá, bọ́ sí àárín wọn, òòlù sì kán eegun èjìká rẹ̀. Nínú ìwé mi, èmi ni mo sáré jáde, tí àwọn ará àdúgbò sì wá gbà wá.

Ó ní, “Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì lo wà. Èmi ni mo sáré jáde, pẹ̀lú eegun tó ti kán. Mo kan gbogbo ilẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó ṣí. Ìwọ wá kọ ọ́ pé wọ́n wá.”

Mo dé ilé lọ́sàn-án. Ọ̀dọ̀ mi ni ìyá wa ń gbé. Wọ́n wo ẹnu mi tó wú, wọ́n bi mí léèrè, mo sọ fún wọn.

Mo ní, “Màámi, níbo ni mo wà lọ́jọ́ yẹn?”

“Abẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Èmi ni mo tì ọ́ síbẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́fà, kí lo fẹ́ ṣe? Kí ló dé tó o fi kọ nǹkan mìíràn?”

Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ fún ara mi débi pé mo gbà á gbọ́.

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi tún orí yẹn kọ. Mo fi ránṣẹ́ sí ẹ̀gbọ́n mi lórí WhatsApp. Gbólóhùn kan ló fi dá mi lóhùn: “Èjìká òsì ni, kì í ṣe ọ̀tún.” Mo tún un ṣe. Onítẹ̀wé tẹ ìwé náà pẹ̀lú pílásítà lójú, kò sì fẹ́ gbọ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n mi létí. Wọ́n yọ eyín mi tó ń mì. Ẹ̀gbọ́n mi kò bẹ̀ mí, èmi náà kò tíì dárí jì í.

Tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi kan ra ìwé náà. Nígbà tó kà á tán, ó bi mí bóyá ọmọ tó sáré jáde yẹn, tó ti dàgbà báyìí, ń lu ìyàwó tirẹ̀. Mo ní n kò mọ̀. Ìtìjú bá mi pé n kò bèèrè rí. Mo wọkọ̀ lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n mi ní àkókò tí mo mọ̀ pé kò sí nílé, mo sì bi ìyàwó rẹ̀ léèrè.

Ó ní ọkọ òun ti gbá òun létí lẹ́ẹ̀mejì, pé ẹlẹ́ẹ̀kejì kò tíì pé oṣù kan.

Mo yọ kọ́kọ́rọ́ ilé mi kan, mo nà án sí i, mo ní kó máa bọ̀ nígbàkigbà, kò ní láti kanlẹ̀kùn. Ó wò ó fún ìgbà pípẹ́ kó tó gbà á, ó sì fi í sínú báàgì rẹ̀.