Ọjọ́ Tí Sáìtì Ilé-Ìwé Ò Gba Inú Fóònù

Nígbà tí fóònù tó ń gba intánẹ́ẹ̀tì ṣẹ̀ṣẹ̀ ń di ti gbogbo ayé, mo ń gbé ní Ìdímù. Ayálégbé kan nínú ilé wa ń ṣe sáìtì fún ṣọ́ọ̀ṣì àti ilé-ìwé lórí kọ̀ǹpútà ńlá kan. Ó máa ń fọ́nnu fún mi pé, "Ẹ̀gbọ́n, tó bá ti lẹ́wà lójú kọ̀ǹpútà yìí, iṣẹ́ ti parí nìyẹn." Mo gbà á gbọ́. Akọ̀ròyìn ni mí, kí ni mo mọ̀?

Ìyá kan tó ni ilé-ìwé ní Ìgàndó ní kó ṣe sáìtì tí àwòrán àwọn ọmọ ilé-ìwé wà nínú rẹ̀ fún òun. Ó ṣèlérí pé tó bá dára, òun á gbà á síṣẹ́ olóṣù, irú èyí tó ti ń wá tipẹ́. Ní ọjọ́ Jímọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi han àwọn òbí, ayálégbé yìí ní kí n bá òun lọ, kí n wá wo bí wọn yóò ṣe pàtẹ́wọ́.

Ìyá náà ò tilẹ̀ wo kọ̀ǹpútà tí ọkùnrin náà gbé wá. "Ẹ̀yin òbí, ẹ mú fóònù yín jáde!"

Ojú ọkùnrin yìí yí padà. Kò dán an wò lórí fóònù rí.

"Ọmọ mi rèé," obìnrin kan ní, "àmọ́ etí kan ṣoṣo ni mo rí o."

Bàbá kan dá a lóhùn: "Ẹ máa fà á lọ sápá ọ̀tún. Èmi ti ń fa tèmi, mi ò tíì dé imú."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Ìyá onílé-ìwé nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. "Ọ̀gá kọ̀ǹpútà, ó di ọjọ́ Ajé. Bí mi ò bá rí orí àwọn ọmọ mi ní pípé, màá wá ẹlòmíràn."

Ọkùnrin yìí ka ìwé nípa bí sáìtì ṣe ń gba inú fóònù, ó tún iṣẹ́ ṣe, ó wá ń ti yàrá kan bọ́ sí òmíràn nílé wa: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yá mi ní fóònù yín." Alhaji onílé, ará Ògbómọ̀ṣọ́, na fóònù kékeré kan tójú rẹ̀ ti sán sí i. "Tó bá gba inú tèmi, kò síbi tí kò ní gbà." Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, Alhaji pariwo: "Mo rí orí! Mo rí ọrùn! Mo tún rí bọ́tìnnì!"

Lọ́jọ́ Ajé, a padà sí Ìgàndó. Ìyá náà yẹ fóònù rẹ̀ wò lókè wò ó nísàlẹ̀. "Ó dáa. O ti níṣẹ́. Àmọ́ mo fẹ́ káwọn òbí máa kọ fọ́ọ̀mù ọmọ wọn síbẹ̀, kí n máa rí i ní ọ́fíìsì mi. Ọjọ́ Jímọ̀ ni mo fẹ́ ẹ. Ṣó o mọ̀ ọ́n ṣe?"

"Kò le rárá, mà."

A ò tíì jáde ní géètì tó fi di apá mi mú. "Ẹ̀gbọ́n, iwájú sáìtì tójú ń rí ni mo mọ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀, ibi tí fọ́ọ̀mù ń wọlé sí, mi ò débẹ̀ rí."

"Kí ló dé tó o fi gbà?"

"Àbí kí n ní kí wọ́n gba ẹlòmíràn ni? Ẹ jẹ́ ká tètè máa lọ jàre, kí n lè lọ kọ́ ọ, ọjọ́ Jímọ̀ ló ní òun fẹ́ ẹ."