Ẹ Jọ̀wọ́, Ẹ Má Tíì Tọ̀

Iṣẹ́ tí wọ́n kọ́kọ́ gbé lé mi lọ́wọ́ nílé síkáànù tó wà lẹ́bàá oríta Mówó ni kí n máa fún àwọn aboyún lómi mu, kí n sì máa bẹ̀ wọ́n kí wọ́n má tíì lọ tọ̀. Ìwé mẹ́wàá ni mo fi wáṣẹ́, ẹ̀bẹ̀ ìtọ̀ ni wọ́n ní kí n máa bẹ̀.

Ọ̀gá mi, Àǹtí Sẹ̀nàmi, ọmọ Ègùn láti inú ìlú Àgbádárìgì, ló máa ń jókòó ti ẹ̀rọ. Ó rí i pé mo fajú ro, ó pè mí wọlé, ó ní kí n gbé etí lé tábìlì. Ó wá fi èékánná ha tábìlì náà láti ìkángun kejì. Mo gbọ́ ọ ketekete. Ó ní kí n gbórí sókè, ó tún ha á, n kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní ohùn ni ẹ̀rọ òun náà ń rán wọ inú ara, ohùn tó tín-ín-rín ju èyí tí etí èèyàn lè gbọ́. Tó bá kan ẹran ara tàbí egungun, á padà wá, ẹ̀rọ á sì fi bó ṣe pẹ́ sí kó tó padà ya àwòrán. Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá rẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń fi jẹ́ẹ̀lì pa ikùn kí ẹ̀rọ tó kan ara. Omi ni ọ̀rẹ́ rẹ̀. Àpò ìtọ̀ tó bá kún á ti ìfun sẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì dà bíi fèrèsé tí ohùn ń gbà wọlé. Láti ọjọ́ náà n kò fojú kéré omi mi mọ́.

Àǹtí kì í fi ẹ̀rọ náà ṣeré. Bí ìyá ọmọ bá ní kí ó jẹ́ kí òun tún wo ọmọ òun díẹ̀ sí i, tó bá ti rí ohun tó ń wá, á gbé ọwọ́ ẹ̀rọ kúrò lára rẹ̀ ni. Ó ní èyí kì í ṣe ìtànṣán bíi ti fọ́tò egungun, a kò sì tíì rí i kó pa ọmọ lára níbi tí wọ́n bá ti lò ó bó ṣe yẹ, ṣùgbọ́n ohùn tó bá pẹ́ lójú kan lè mú ibẹ̀ lọ́ wọ́ọ́rọ́, kò sì sídìí tí a ó fi máa mú ọmọ ọlọ́mọ gbóná. Nígbà tí oyún Fàtíà, ọmọ mi, ṣì kéré, mo bẹ Àǹtí kó jẹ́ kí n gbọ́ ìró ọkàn ọmọ náà. Ó kọ̀. Ó ní agbára tí ẹ̀rọ fi ń gbé ìró náà jáde pọ̀ ju èyí tó fi ń yàwòrán lọ, kí n ní sùúrù. Ó fi ọkàn náà hàn mí bó ṣe ń ṣẹ́jú wìrìwìrì, ó sì gbé ọwọ́ ẹ̀rọ kúrò. Inú bí mi, omijé ayọ̀ sì ń bọ́ lójú mi.

Fàtíà ti ń jókòó, mo pọ̀n ọ́n síṣẹ́ lọ́jọ́ tí Hùnsù, ọlọ́kọ̀ ojú omi láti Tópò ní òdìkejì ọ̀sà, àti ìyá rẹ̀ gbé Màútìn, ìyàwó Hùnsù, wá. Oyún Màútìn ti wọ oṣù kẹjọ. Ẹ̀jẹ̀ yọ lára rẹ̀ láàárọ̀ láìsí ìrora, ó sì dá. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n lọ ṣe síkáànù lójú ẹsẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń gbẹ̀bí ní Tópò, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló sì ti fẹ́ bímọ. Ìyá náà kò fẹ́ ẹ̀rọ rárá, nítorí wọ́n ti sọ fún un pé ó ń se ọmọ nínú.

Mo gbé omi fún Màútìn, ó wojú ìyá ọkọ rẹ̀, kò gbà á. Ìgbà yẹn ni mo mọ̀ pé obìnrin Tópò kì í mumi tó bá fẹ́ wọkọ̀. Láti ìdájí ni wọ́n ti ń ṣọ́ ẹnu, wọ́n á sì tọ̀ kí wọ́n tó fẹsẹ̀ kan ọkọ̀, nítorí ìtìjú ni kí aboyún máa wá ibi tí yóò lóṣòó sí láàárín ọ̀sà. Màútìn ti tọ̀ tán kó tó dé ọ̀dọ̀ wa, ó sì ṣì máa padà wọkọ̀.

Àǹtí gbé ẹ̀rọ lé e nínú, kò rí ọ̀nà. Ó sọ fún Hùnsù pé ibi ọmọ, èyí tó máa ń jáde tẹ̀lé ọmọ, lòun ń wá. Bó bá dúbúlẹ̀ lé ẹnu ilé ọmọ, ọjọ́ tí obìnrin náà bá rọbí, ẹ̀jẹ̀ ló máa ṣáájú ọmọ, ọ̀sà ló sì wà láàárín Tópò àti dókítà.

Ìyá Hùnsù sún mọ́ mi. Fàtíà tó wà lẹ́yìn mi ló ń wò.

"Ṣé ẹ̀rọ yìí ni wọ́n fi wo ìyẹn náà?"

"Òun ni, Mà."

Ó gbọ́wọ́ lé Fàtíà lórí. "Orí rẹ̀ gbóná."

"Eyín ló ń hù, Mà."

Ó ti ìka bọ ọmọ lẹ́nu, Fàtíà sì gé e jẹ. "Ó ti hù," ló wí. Kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó jókòó.

Àǹtí wá bi Hùnsù léèrè ohun tó máa ń ṣe bí kùrukùru ọyẹ́ bá bo ọ̀sà tí kò rí etídò. Ó ní òun á pa ẹ́ńjìnnì, òun á kígbe, òun á sì tẹ́tí sí bí ohùn òun ṣe máa yára padà láti ara igi etídò. Ìyá rẹ̀ ní bàbá rẹ̀ ló kọ́ ọ.

"Ohun tí ẹ̀rọ yìí ń ṣe náà nìyẹn, Màámi," ni Àǹtí wí. "Kò ní iná tó fi ń se ọmọ. Ó ń kígbe, ó ń dákẹ́, ó ń tẹ́tí. Etídò ló ń wá."

Ìyá wo Màútìn. "Tó bá wá mumi, báwo ló ṣe máa wọkọ̀?"

"Á tọ̀ kó tó kúrò níbí. Èmi fúnra mi ni máa mú un lọ."

Ìyá gba omi inú ọ̀rá lọ́wọ́ mi, ó feyín já etí rẹ̀, ó sì gbé e sí ìyàwó ọmọ rẹ̀ lẹ́nu.

A dúró títí Màútìn fi ń fún ẹsẹ̀ pọ̀, tí mo ń bẹ̀ ẹ́ kó fara dà á. Àǹtí wò ó, ojú rẹ̀ yí padà. Ó ní kó lọ tọ̀ díẹ̀ kó padà wá. Mo rò pé omi wa ti ṣòfò. Ó ṣàlàyé fún mi pé àpò ìtọ̀ tó bá kún jù máa ń tẹ ẹnu ilé ọmọ, ó lè mú kó dà bíi pé ibi ọmọ dí i nígbà tí kò dí i. Kò fẹ́ kó ìpayà bá ọlọ́mọ nítorí irọ́ tí omi bá pa.

Ó tún un wò. Kì í ṣe irọ́ omi. Ó yí ojú ẹ̀rọ sọ́dọ̀ ìyá, ó na ìka sí i. "Màámi, ọ̀nà nìyí. Ohun tó bò ó mọ́lẹ̀ nìyí. Ọmọ wà lókè, ara rẹ̀ dá."

Ìyá wò ó pẹ́. "Ká ní ọ̀dọ̀ mi ló ti rọbí ńkọ́?"

"Ẹ̀jẹ̀ lẹ bá kọ́kọ́ rí, ẹ kò sì ní rí nǹkan fi dá a dúró."

Obìnrin tó ti gbẹ̀bí fún gbogbo Tópò kọjú sí ọmọ rẹ̀, ó ní, "Má gbé e padà sílé."

Ilé ìwòsàn ńlá ni wọ́n gbà lọ láti ọ̀dọ̀ wa. Ibẹ̀ ni wọ́n dá a dúró sí títí wọ́n fi ṣiṣẹ́ abẹ fún un. Òun àti ọmọ jáde láyọ̀.

Mo ṣì wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, mo sì ṣì ń gbé omi, ṣùgbọ́n kì í ṣe fún àwọn ará Tópò. Ìyá Hùnsù ló ń kó àwọn aboyún tiwọn wá báyìí, oníkálukú pẹ̀lú ìgò omi tirẹ̀. Ó ní bí ọkọ̀ bá ti rí èbúté Àgbádárìgì lọ́ọ̀ọ́kán lòun máa ń ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í mu ún. Wọ́n á sọ̀ nínú kẹ̀kẹ́ níwájú ilé síkáànù, wọ́n á máa rìn bí ẹni tí wọ́n so orúnkún rẹ̀ pọ̀, ìyá á sì ti dá mi lóhùn kí n tó yanu:

"Ìyá Fàtíà, wọn ò tíì tọ̀."