Àyìsátù, Aránṣọ Àwọn Ará Òṣùpá

Bí ènìyàn bá dé Ọ̀mù-Àrán lónìí tó dárúkọ olóògbé Àyìsátù aránṣọ, ọ̀rọ̀ Ẹ̀sìẹ́ ni wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún un. Wọ́n ti sọ ọ́ débi pé àwọn tí kò sí níbẹ̀ mọ̀ ọ́n sọ ju àwọn tó wà níbẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Hàmídù ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀, bó sì ṣe ṣẹlẹ̀ gan-an nìyí.

Àyìsátù ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìhámọ́ra kan ni, irú èyí tí ọ̀gágun obìnrin kan ń wọ̀ nínú fíìmù àwọn jagunjagun tó ń gbé lẹ́yìn òṣùpá. Àwọ̀ eérú ni, láti àṣíborí dé bàtà. Ó fẹ́ fi ya fọ́tò níbi tí òkúta àti igi bá pọ̀ sí, ló bá ní kí Hàmídù fi mọ́tò gbé òun lọ sí ọgbà mùsíọ́ọ̀mù Ẹ̀sìẹ́, níbi tí wọ́n kó àwọn ère òkúta àtijọ́ sí. Wọ́n débẹ̀, ó wọ gbogbo rẹ̀ tán, ó dé àṣíborí, ìgbà náà ni Hàmídù rántí pé fóònù tí àwọn fẹ́ fi ya fọ́tò ṣì wà nínú mọ́tò.

"Dúró síbẹ̀," ló wí. "Mò ń bọ̀."

Àyìsátù dúró. Kò pẹ́ tí èémí rẹ̀ fi bo gíláàsì ojú àṣíborí náà, kò rí ọwọ́ ara rẹ̀ mọ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbẹ́sẹ̀, òun lè kọ lu ère tó ti wà láyé kí wọ́n tó bí baba ńlá òun. Kò mira rárá.

Bó ṣe dúró nìyẹn tí tíṣà kan kó àwọn ọmọ ilé ìwé rẹ̀ dé. Wọ́n ti wo àwọn ère kéékèèké tán, wọ́n wá kan èyí tó ga tó ènìyàn. Tíṣà wò ó lókè, ó wò ó nísàlẹ̀. Kò fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé òun kò mọ̀ ọ́n rí.

"Èyí," ló wí, "ni ìyá gbogbo wọn. Ẹ wo ìdúró rẹ̀. Obìnrin alágbára ni. Kì í rẹ́rìn-ín, àwọn ọkùnrin pàápàá ń bẹ̀rù rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀."

Àwọn ọmọ ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni ohùn kan ti inú àṣíborí jáde wá: "Tíṣà, ẹ ṣeun. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó bóyá ọkọ mi ń bọ̀."

Hàmídù tó ń padà bọ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́ pàdé wọn ní ẹnu ọ̀nà ọgbà. Tíṣà ló ṣáájú, àwọn ọmọ ń sáré tẹ̀ lé e. Nígbà tí ara gbogbo wọn balẹ̀, tí wọ́n padà wá tọrọ àforíjì, Àyìsátù ní kò sóhun tó jọ bẹ́ẹ̀. Ó ní láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí òun, kò tíì sẹ́ni tó ròyìn òun dáadáa tó yẹn rí.

Aṣọ ilé ìwé ni iṣẹ́ Àyìsátù tẹ́lẹ̀, àwọn tó sì wọ̀ ọ́ lọ́mọdé ní kì í tú, wọ́n á dàgbà fi í sílẹ̀ ni. Lubabah ọmọ rẹ̀ ló mú fíìmù àwọn ará òṣùpá yẹn wálé nígbà tó wá lo ọlidé. Gbogbo ilé ń wo ìjà. Àyìsátù ń wo bí wọ́n ṣe rán aṣọ.

"Lubabah, dá a dúró ná."

"Kí ló dé, Màámi?"

"Ìgbàyà ọ̀gágun yẹn. Ibo ló gbà wọ̀ ọ́? Kò ní bọ́tìnì, kò ní síìpù."

"Màámi, fíìmù ni. Kò sẹ́ni tó ń bèèrè ìyẹn."

"Èmi ti bèèrè."

Láti ọjọ́ náà lọ, àlàáfíà kúrò láàárín Àyìsátù àti tẹlifíṣọ̀n. Yóò dá fíìmù dúró, yóò fa téèpù ìwọnṣọ yọ lọ́rùn, yóò tẹ́ ẹ lé ojú gíláàsì, yóò wọn èjìká, yóò wọn ìgbúnwọ́, yóò wá máa ṣírò bí ẹni náà yóò ṣe tóbi tó bó bá jáde sí pálọ̀. Nígbà kan, àwọn aládùúgbò wá wo ìròyìn. Wọ́n bá a tó ń wọn ọrùn ẹni tó ń ka ìròyìn. Ó ní kọ́là rẹ̀ ló ń bí òun nínú.

Irin kọ́ ni ìhámọ́ra náà o. Fóòmù ni, irú èyí tí wọ́n ń gé ṣe bàtà sílípáàsì. Yóò gé e, yóò fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi ká bí èjìká ènìyàn, yóò fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́, ó di kí ó kun ún lọ́dà. Ọ̀dà yìí gan-an ló fẹ́ rẹ Jùbrílù ọlọ́dà sílẹ̀. Jùbrílù gbé ọ̀dà aláwọ̀ eérú fún un.

"Èyí kọ́," ni Àyìsátù wí.

"Màámi, eérú náà ni."

"Eérú ààrò nìyí. Eérú tí òjò ti pa ni mò ń wá."

Jùbrílù po ọ̀dà títí apá fi ń ro ó. Nígbà tó sú u, ó da gbogbo èyí tó ṣẹ́kù nílẹ̀ pọ̀ mọ́ra wọn, ó ní òun ti fẹ́ ti ṣọ́ọ̀bù. Àyìsátù yọjú wo inú ike náà. "O rí i," ló wí, "o ti mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, o kàn ń fi mí ṣeré ni."

Ara Hàmídù ni ó fi ń gba ìwọ̀n àwọn jagunjagun ọkùnrin. Yóò fi ọ̀rá wé e láti ọrùn dé orúnkún, tòun tọwọ́, yóò fi sẹ́lótéèpù lẹ̀ ẹ́ yíká títí yóò fi le gbagidi. Lẹ́yìn náà ni yóò fi síṣọ́ọ̀sì la ẹ̀yìn rẹ̀, yóò bó o bí èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀, èèpo yẹn ni yóò sì fi gé fóòmù. Lọ́jọ́ kan, ó wé Hàmídù tán, ó ń wá síṣọ́ọ̀sì kiri inú yàrá, ni àwọn ará Bàbáńlá tó fẹ́ wá tọrọ Lubabah fún ọmọ wọn bá wọlé. Ọ̀la ni àdéhùn. Wọ́n ní àwọn ń kọjá lọ ni, kí àwọn kàn yà kí wọn.

Wọ́n bá Hàmídù lóòró láàárín pálọ̀ bí ẹrù tó ń dúró de mọ́tò. Ó kí wọn káàbọ̀, ó ní kí wọ́n má bínú pé òun ò lè bọ̀ wọ́n lọ́wọ́.

Àgbà wọn rọra jókòó. "Alhaji, ṣé kò sí nǹkan?"

"Kò sí o. Ìyàwó mi ló ń gba ìwọ̀n mi."

"Ìwọ̀n kí ni?"

Hàmídù ronú sí i. "Ti ogun," ló wí.

Ìgbà náà ni Àyìsátù jáde, ó kúnlẹ̀ kí wọn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, síṣọ́ọ̀sì ńlá lọ́wọ́. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin àna wa. Ẹ fún mi láyè díẹ̀, kí n là á, kí n tó wá gbọ́ tiyín."

Ìgbéyàwó náà kúkú wáyé, inú gbogbo wọn sì dùn. Ṣùgbọ́n Lubabah sọ fún wọn lẹ́yìn ìgbà náà pé ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ni bàbá ọkọ òun fún ọkọ òun: "Bí ìyá ìyàwó rẹ bá ní kí o dúró, má dúró."

Òkìkí rẹ̀ kàn dé ọ̀nà Ìgbàjà, ni Pásítọ̀ Jòhánù bá wá bẹ̀ ẹ́ pé àwọn ọmọ ìjọ òun fẹ́ ṣe eré lọ́jọ́ ìkórè lórí ìhámọ́ra onígbàgbọ́. Mùsùlùmí ni Àyìsátù, ṣùgbọ́n iṣẹ́ niṣẹ́ ń jẹ́ lójú tirẹ̀.

"Fíìmù wo ni mo ti máa rí i?" ló bèèrè.

"Kò sí nínú fíìmù, Màmá. Inú ìwé mímọ́ ló wà: àmùrè òtítọ́, ìgbàyà òdodo, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ."

"Ó dáa. Àmùrè òtítọ́ yẹn, báwo ló ṣe fẹ̀ tó?"

"Àpèjúwe ni, Màmá."

"Mo gbọ́. Báwo ni àpèjúwe náà ṣe fẹ̀ tó?"

Pásítọ̀ lọ ronú nílé. Ó padà wá, ó ní ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ àgbàlagbà. Àyìsátù dúpẹ́, ó ní ohun tí òun ń bèèrè láti ọjọ́ yìí nìyẹn. Nígbà tí àwọn ọmọ wá wọ aṣọ wò, èyí tó fẹ́ ṣe Sátánì, Miracle lorúkọ rẹ̀, bá wọn wá. Kò bá nǹkan kan nílẹ̀ fún tirẹ̀, ló bá bú sẹ́kún. Àyìsátù ò lè wo ọmọ kó jáde ní ṣọ́ọ̀bù òun láìrí aṣọ wọ̀. Ó rán tirẹ̀ náà, kò sì bi ẹnikẹ́ni léèrè bó ṣe yẹ kó rí, ó fi ojú inú rẹ̀ wò ó ni. Lọ́jọ́ ìkórè, àwọn ọmọ ogun ìgbàgbọ́ jáde, ìjọ pàtẹ́wọ́. Sátánì jáde, ìjọ dìde dúró. Pásítọ̀ Jòhánù dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí. "Ṣùgbọ́n Màmá," ló wí, "ẹ mú kó nira fún wa díẹ̀ láti ṣẹ́gun rẹ̀."

Báyìí ni wọ́n ń gbé e títí àìsàn fi dé. Ó kọ́kọ́ dà bí ibà, kò lọ bí ibà. Ọdún yẹn gan-an ni àwọn ọ̀dọ́ tó fẹ́ràn aṣọ fíìmù fẹ́ pàdé ní Ìlọrin, kí oníkálùkù wọ tirẹ̀ wá, kí wọ́n sì fún ẹni tó bá ta yọ lẹ́bùn, Àyìsátù sì ti ń fojú sọ́nà. Nígbà tó kù díẹ̀, ó gbé ìhámọ́ra ọ̀gágun wọ̀. Ìgbàyà náà ń yí po lára rẹ̀. Ó bọ́ ọ, ó gbé e kalẹ̀.

"Mi ò lọ mọ́," ló wí. "Ọ̀gágun yẹn ò rù. Bí mo bá wọ̀ ọ́ báyìí, irọ́ ni mò ń pa."

"A ó dín in kù," ni Hàmídù wí.

"Ta ni yóò dín in? Ọwọ́ mi ń gbọ̀n."

"Èmi ni."

Àyìsátù rẹ́rìn-ín títí ó fi ń húkọ́. Awakọ̀ lọ́ọ̀rì ni Hàmídù kó tó fẹ̀yìn tì sí oko, kò tíì rán bọ́tìnì rí. Ṣùgbọ́n ó tẹ́ ẹní fún un sẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì, ó ní kí ó dùbúlẹ̀ kó máa wí, òun yóò máa ṣe é. Fóòmù àkọ́kọ́ jóná mọ́ áyọ́ọ̀nù. Èkejì lẹ̀ mọ́ itan rẹ̀. "Ṣòkòtò yẹn," ni ohùn wí láti orí ẹní, "kò sí nínú fíìmù."

Nígbà tó kan wíwọn, Hàmídù fi téèpù yí ọrùn ọwọ́ Àyìsátù ká. Ó ń ṣe bí ẹni tí kò rí nọ́ńbà rẹ̀ dáadáa.

"Kà á sókè," ni Àyìsátù wí.

Hàmídù kà á, ó fi díẹ̀ kún un.

"O purọ́."

"Bẹ́ẹ̀ ni," ni Hàmídù wí. Ó tún un kà bó ṣe rí gan-an.

Ọjọ́ tó parí rẹ̀, ó gbé e síwájú rẹ̀ bí ọmọ ilé ìwé tó ń dúró de máàkì. Àyìsátù yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́. "Èjìká òsì ga ju tọ̀tún lọ."

"Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú fíìmù."

"Irọ́ ni. Mo ti wọn fíìmù yẹn."

Hàmídù tan tẹlifíṣọ̀n, ó dá a dúró níbi tí ọ̀gágun náà ti kọ ẹ̀yìn sí wọn, ó fi téèpù lé e. Òsì ló ga. Iwájú ni Àyìsátù ti ń wọ̀n ọ́n láti ọjọ́ yìí, kò tíì wọn ẹ̀yìn rẹ̀ rí. Ó wo tẹlifíṣọ̀n, ó wo ọkọ rẹ̀.

"Ta ló kọ́ ọ níṣẹ́?" ló bèèrè.

"Ẹnì kan tí kì í gba ìwọ̀nba."

Wọ́n lọ sí Ìlọrin. Ó di apá Hàmídù mú, ó rọra rìn wọlé, ìhámọ́ra náà sì jókòó sí i lára bí ẹni pé wọ́n bí i mọ́ ọn ni. Àwọn ọ̀dọ́ la ọ̀nà fún un. Ṣùgbọ́n ọmọkùnrin kan tó fi iná mọ̀nàmọ́ná yí ara ká ni wọ́n fún ní ipò kìíní. Inú bí Hàmídù. Àyìsátù ní kó fi wọ́n sílẹ̀, iná náà dára, àmọ́ ọmọ náà ò lè gbé apá sókè. Ó pè é sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó gba síṣọ́ọ̀sì, ó sì gé abẹ́ apá aṣọ náà fún un kó tó lọ gba ẹ̀bùn, kó lè gbé e sókè kí gbogbo èrò rí i.

Kò pẹ́ sígbà náà tó fi jáde láyé. Àwọn tó wá kí Hàmídù ń sunkún wọlé, wọ́n ń rẹ́rìn-ín jáde. Álífà tó wá ṣe àdúà dárúkọ rẹ̀, ó rántí nǹkan kan, ẹ̀rín sì fẹ́ pa á, ó ní kí wọ́n dákun kí wọ́n fún òun láyè díẹ̀ kí òun tó máa bá a lọ. Hàmídù bá wọn rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn tí gbogbo wọn lọ, ó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa, kò sì débẹ̀ mọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ọmọbìnrin kan ya wọlé láti kọ́lẹ́ẹ̀jì Òrò. Ó ní Olúwatìmílẹ́yìn lorúkọ òun, òun ń wá màmá tó ń ṣe ìhámọ́ra. Ó ti wọ tirẹ̀ wá, fóòmù òun náà, bó ṣe ń rìn sì dà bí ẹni tó gbé orúnkún yá ẹlòmíràn.

"Màmá ò sí mọ́," ni Hàmídù wí fún un.

Ọmọ náà bá a kẹ́dùn, ó tọrọ àforíjì, ó yí padà. Hàmídù ń wò ó bó ṣe ń wọ́ ẹsẹ̀ lọ sí ẹnu géètì. Ó gbìyànjú láti wo ibòmíràn, kò ṣeé ṣe.

"Wá ná," ló pè é. "Màmá ì bá kọ́kọ́ bú ọ ná. Èmi ò mọ ìyẹn ṣe. Wá jókòó, kí o fi ibi tó ti ń dùn ọ́ hàn mí."

Ó sì lọ ṣí ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.