Gbénró Alágbẹ̀dẹ àti Iná Tí Kò Ní Èéfín

Lọ́dún kẹrin lẹ́yìn tí òyìnbó ṣẹ́gun Ìjẹ̀bú, iṣẹ́ kò fi bẹ́ẹ̀ sí mọ́ ní àgbẹ̀dẹ Gbénró ní Òkè-Àgbò. Ọkọ́ àti àdá òyìnbó ti kún ọjà, àwọn àgbẹ̀ sì ń kọjá láì yà. Irin àlòkù tó kó jọ sí ẹ̀gbẹ́ ẹwìrì dógùn-ún títí ó fi pọ́n bí epo.

Àìná ìyàwó rẹ̀ ló ń gbé ilé dúró. Gàrí ló ń yan. Ogún ọdún nídìí èéfín ti ba ojú obìnrin náà jẹ́; bó bá ti di ìrọ̀lẹ́, ọwọ́ ló fi ń tá ògiri kó tó mọ ẹnu ọ̀nà. Gbénró kì í sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, ṣùgbọ́n kì í lè wo ojú náà pẹ́.

Tíṣà Adéṣọlá, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ìjọ rán wá láti Èkó, ló mú ọ̀rọ̀ iná mìíràn wá lọ́jọ́ tó gbé ìdè ilẹ̀kùn rẹ̀ wá fún àtúnṣe.

"Bàbá, mo kà á nínú ìwé kan pé ohun tó bá ń jẹrà nínú omi, tí a dé e mọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ kan máa ń jáde lára rẹ̀. Afẹ́fẹ́ ọ̀hún ń jó. Kò sì ní èéfín."

"Kò ní èéfín?" Gbénró gbé òòlù sílẹ̀.

Wọ́n gbẹ́ kòtò sẹ́yìnkùlé. Wọ́n da èèpo ẹ̀gẹ́, ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti omi sí i, wọ́n dojú ìkòkò ńlá kan dé e, wọ́n sì fi ọparun fa afẹ́fẹ́ rẹ̀ wá sídìí ààrò. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mélòó kan, nígbà tí Gbénró fi iná kàn án, ó gbà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òórùn tó bá a wá! Bí ẹyin ọ̀bu tí a fọ́ sínú yàrá ni. Àìná bì, orí fọ́ ọ, ẹ̀gbà bàbà ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́.

"Bàbá Rẹ̀mí, ẹ jẹ́ kí n padà sídìí igi mi," ló wí. "Èéfín kò mú mi bì rí."

Tíṣà padà sídìí ìwé. Ó ní ìwé sọ pé ìpáàrà irin a máa gba májèlé tó ń rùn yẹn mọ́ra. Ìpáàrà! Ohun kan ṣoṣo tí Gbénró ní lọ́pọ̀ yanturu. Ó ha á kúrò lára irin, ó pò ó mọ́ igi tí ó fá wẹ́wẹ́ kí afẹ́fẹ́ lè ráàyè kọjá, ó kì í sínú ìkòkò ẹlẹ́nu méjì, ó sì fi ìda oyin lẹ̀ ẹ́ mọ́ àárín ọparun náà.

Òórùn náà lọ. Iná jó wẹ́rẹ́, ó rí bí aró tí a fi omi là. Lẹ́yìn oṣù kan, Àìná ń yan gàrí, ó gbójú sókè, ó tẹjú mọ́ ọkọ rẹ̀.

"Irungbọ̀n yín ti funfun tó báyìí? N kò mọ̀."

Gbénró rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà ọyẹ́, òórùn náà padà. Gbénró tú ìkòkò ẹlẹ́nu méjì: ìpáàrà tó pọ́n ti dúdú bí èédú. Ó fi tuntun sí i. Èyí tó dúdú, ó da púpọ̀ nínú rẹ̀ sínú apẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e ti ògiri ilé lábẹ́ òrùlé ewé kó lè gbẹ. Ó tutù lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wá gba Agọ́-Ìwòyè lọ láti gbé ọkọ́ méjì fún oníbàárà kan.

Ọ̀sán gangan ni òrùlé gbiná. Ìbíkẹ́, ìyá Àìná, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti rọ, wà ní yàrá inú. Àìná wọlé tọ̀ ọ́, ó wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà, ó tì í síta. Òrùlé wó kí òun tó jáde.

Wọ́n yọ ọ́ jáde, ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún péré ló lò kó tó kú. Lọ́jọ́ kẹta, ó di ọwọ́ ọkọ rẹ̀ mú. "Ẹ má jẹ́ kí wọ́n sọ pé mo fi iná sílẹ̀. Mo ti pa á."

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni wọ́n sì sọ. Gbogbo Òkè-Àgbò ló ń wí i pé ojú ló ba ti Àìná, kò rí iná ìdí ààrò tó gbàgbé.

Gbénró kò gbà. Ó rántí apẹ̀rẹ̀ tó gbé ti ògiri, àti ìpáàrà dúdú díẹ̀ tó ṣẹ́ kù nínú ìkòkò kan tó dé pa ní àgbẹ̀dẹ. Ó dà á sórí àpáàdì nínú oòrùn, ó fi ewé gbígbẹ sí i, ó sì jókòó tì í. Kò pẹ́ tó fi gbóná tó bẹ́ẹ̀ tí kò lè gbé àtẹ́lẹwọ́ lé e. Ó ń padà pọ́n. Lẹ́yìn náà ni ewé náà gbiná, láìsí ẹni tó ṣáná sí i.

Tíṣà wò ó, ó bú sẹ́kún. "Ojú ewé tó tẹ̀ lé e ti ya nínú ìwé náà, Bàbá. N kò mọ ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀."

Gbénró ń ti ilé dé ilé, ó ń sọ ọ́ pé òun ni, kì í ṣe Àìná. Ilé tí wọ́n gbé Ìbíkẹ́ lọ ló lọ kẹ́yìn. Ó dọ̀bálẹ̀, ó rò ó fún un látòkè délẹ̀.

"O ò mọ̀," ni arúgbó náà wí. "Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n má wá síbí mọ́, Gbénró. Bí mo bá ti ń gbọ́ ohùn rẹ, bí ẹni pé Àìná tún ń tì mí síta ni."

Gbénró dìde. Lọ́sẹ̀ yẹn ló kó ẹrù rẹ̀ lọ sọ́dọ̀ Rẹ̀mí ọmọ rẹ̀ ní Ìbíadé, ó ń bá àwọn apẹja tún àwọ̀n ṣe. Ọdún kẹta ló kú síbẹ̀. Kò fọwọ́ kan irin mọ́.